Jeanty pàdánù Fiesta Bowl, síbẹ̀ ipò kẹfà ni wọ́n ti mú un

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024, yunifásítì Penn State na yunifásítì Boise State ní 31 sí 14 nínú Fiesta Bowl, eré bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìlú Glendale ní ìpínlẹ̀ Arizona. Ashton Jeanty, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbé Boise State débẹ̀, gba bọ́ọ̀lù sáré nígbà 30, yáàdì 104 ni ó sì rí kó jọ. Kò ní touchdown kankan, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù wọ òpin pápá alátakò. Bọ́ọ̀lù tún já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú eré 14 tí ó gbá ní sáà yẹn, kò sí èyí tí yáàdì rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́rin kò tíì pé lẹ́yìn náà tí Las Vegas Raiders fi mú un ní ipò kẹfà nínú draft NFL, líìgì àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2025.

Ẹni tó bá wo eré yẹn nìkan lè rò pé ọjà ọmọ náà ti bàjẹ́. Èrò tèmi ni pé pípàdánù bowl fúnra rẹ̀ kì í wọ inú ìwé tí àwọn ẹgbẹ́ NFL ń kọ. Ohun tó ń wọ inú ìwé ni orúnkún, bí ọwọ́ ṣe di bọ́ọ̀lù mú, bí ẹni náà ṣe ń dáàbò bo quarterback (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́), iye ìgbà tí wọ́n ti gbé e ṣubú, ọjọ́ orí rẹ̀, àti iye tí ọjà ń san fún running back lọ́dún tó bọ́ sí. Eré tí wọ́n pàdánù kàn máa ń fi díẹ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí hàn kedere ju eré tí wọ́n fi ayọ̀ parí lọ ni.

Fún ẹni tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni ó ń wò: running back ni ẹni tí wọ́n ń fún ní bọ́ọ̀lù kí ó gbá a mọ́ àyà, kí ó sì sáré wọ àárín àwọn alátakò. Bowl ni eré ńlá tí àwọn yunifásítì ń gbá lẹ́yìn tí sáà bá parí. Ti Fiesta ọdún yẹn tún jẹ́ kọ́tà-fáínà ìdíje ife-ẹ̀yẹ. Ní draft, ẹgbẹ́ 32 ni ó ń yan ọmọ yunifásítì ní ìpele 7, ẹgbẹ́ tó ṣe burúkú jù ní sáà tó kọjá ni ó sì ń kọ́kọ́ yàn. Ẹni 257 ni wọ́n yàn ní 2025.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka owó tó wà nínú àpò Jeanty kí ó tó dé Glendale. Ó ti gba bọ́ọ̀lù sáré nígbà 344, ó sì ti ní yáàdì 2,497, èyí tó jẹ́ yáàdì 7.3 fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Yáàdì 132 ni ó kù kí ó fi borí àkọsílẹ̀ Barry Sanders ti Oklahoma State, ẹni tó sá yáàdì 2,628 ní 1988. Ó parí sí 2,601. Yáàdì 27 ni ó fi kùnà.

Nípa àkọsílẹ̀ yẹn, ohun kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Eré 11 ni Sanders fi ṣe é, ìgbà 344 gẹ́lẹ́ ni òun náà sì gba bọ́ọ̀lù sáré. Nígbà yẹn NCAA, àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá àwọn yunifásítì, kì í ka yáàdì tí èèyàn bá sá nínú bowl mọ́ ti sáà; ọdún 2002 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Sanders sá 222 sí i nínú Holiday Bowl, tí wọ́n bá kà á, 2,850 ni àpapọ̀ rẹ̀ ìbá jẹ́. Ìdí nìyí tí n kò fi rò pé olùṣàwárí agbábọ́ọ̀lù kankan á yọ máàkì kúrò lára Jeanty nítorí yáàdì 27. Ìgbà 344 sí ìgbà 344, Sanders ni ó ṣáájú, ó sì yẹ kí Sanders ṣáájú.

Wàyí o, fídíò eré yẹn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í kọ́kọ́ wo running back. Yóò dá fídíò dúró kí wọ́n tó tari bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, yóò sì ka àwọn alátakò tó wà nínú ohun tí àwọn kóòṣì ń pè ní box, ìyẹn àyè tó wà níwájú àwọn márùn-ún tó ń la ọ̀nà, tó jìn tó nǹkan bí yáàdì márùn-ún sí méje. Tí àwọn tó ń la ọ̀nà bá jẹ́ mẹ́fà, tí tight end (ẹni kẹfà tó ń la ọ̀nà, tó tún lè gba bọ́ọ̀lù) bá wà lára wọn, tí àwọn alátakò sì jẹ́ méje tàbí mẹ́jọ, ó kéré tán ẹnì kan wà tí kò sí ẹni tí yóò dí i. Ẹni yẹn, running back fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ tàbí kí ó fi ara gbá a. Tí ó bá wá jẹ́ pé gbogbo alátakò ti mọ ẹni kan ṣoṣo tí bọ́ọ̀lù ń lọ bá, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí fún Boise State, méje nínú box á máa ṣe bí mẹ́sàn-án.

Lẹ́yìn kíkà yẹn, yóò wo ibi tí ọwọ́ ti kọ́kọ́ kan ọmọ náà. Bí ọwọ́ bá kàn án kí ó tó dé ojú ìlà tí eré ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀bi àwọn tó ń la ọ̀nà ni, kì í ṣe tirẹ̀. Iṣẹ́ Jeanty ni ohun tó ń ṣe lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti kàn án. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Pro Football Focus, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìṣirò eré, 1,970 nínú yáàdì 2,601 rẹ̀ ni ó sá lẹ́yìn tí alátakò ti fọwọ́ kàn án, ó sì mú kí ẹni 152 kùnà láti gbé e ṣubú. Ẹ pín in wò: yáàdì 5.3 fún ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ó fi agbára ara rẹ̀ gbà, yáàdì 1.7 péré sì ni àwọn iwájú là fún un kí ọwọ́ tó kàn án. Ẹni tó bá ní irú ìṣirò yìí, tí ó wá bá iwájú tó le bíi ti Penn State pàdé, tí ó sì ní 3.5 fún ìgbà kọ̀ọ̀kan, kò tíì ṣe ohun tó dójú ti ìṣirò rẹ̀. Àwọn iwájú Boise State ni wọ́n bì ṣubú ní alẹ́ yẹn.

Àwọn tó sọ pé àwọn alátakò kéékèèké nìkan ni ó ń lé kiri, ẹ rán wọn padà sí ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Boise State lọ gbá Oregon nílé wọn ní Eugene. Wọ́n pàdánù náà, 37 sí 34, ṣùgbọ́n Jeanty sá yáàdì 192 nígbà 25, ó sì ní touchdown mẹ́ta. Ìpàdánù méjì péré ni Boise State ní ní gbogbo sáà náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìpàdánù dá ọmọ náà lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan náà.

Ẹsẹ̀ ló kàn. Nínú eré tí ọ̀nà há, ohun tó ń ba running back jẹ́ jù ni ìwàǹwára. Nínú sísá tí wọ́n ń pè ní outside zone, ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níwájú rẹ̀: kí ó já lu àárín tààrà, kí ó ṣẹ́rí padà sẹ́yìn àwọn tó ń tì lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó yọ sí etí pápá. Ẹni tí wọ́n bá ti ká mọ́ ní ìgbà mẹ́ta mẹ́rin á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí etí pápá lọ́nà gbogbo, á máa wá touchdown tí kò sí níbẹ̀, á sì máa pàdánù yáàdì mẹ́ta. Ohun tí ẹgbẹ́ NFL fẹ́ rí ni ẹni tí èjìká rẹ̀ ṣì dojú kọ iwájú, tí ó gba yáàdì méjì níbi tí ó yẹ kí ó pàdánù ọ̀kan. Ìgbìyànjú mẹ́rin ni ẹgbẹ́ ní láti fi gba yáàdì mẹ́wàá. Yáàdì méjì lẹ́ẹ̀mejì yóò fi yáàdì mẹ́fà sílẹ̀ fún ìgbìyànjú kẹta. Pípàdánù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan péré, kí ó tó gba méjì, á sọ ọ́ di mọ́kànlá. Ìyàtọ̀ yẹn ni quarterback ń jẹ tàbí kí ó kú sí.

Bọ́ọ̀lù tó já bọ́ ni mo kà sí àbùkù tòótọ́ ní alẹ́ yẹn. Ibi márùn-ún ni ó yẹ kí ara ti di bọ́ọ̀lù mú: ìka lórí imú bọ́ọ̀lù, àtẹ́lẹwọ́, apá ìsàlẹ̀, iṣan apá òkè, àti àyà. Tí ọ̀kan bá ṣí, ọwọ́ alátakò á rí ibi wọlé. Ìgbà tó sì máa ń ṣí jù ni ìgbà tí running back bá ń jà fún yáàdì lẹ́yìn tí ẹni àkọ́kọ́ ti dì í mú, nítorí apá á máa fì kí ara lè dúró, ẹni kejì á sì wá gbá bọ́ọ̀lù láti abẹ́. Ìyẹn ni pé ohun tó sọ Jeanty di ẹni ńlá gan-an, kíkọ̀ láti ṣubú, ni ó ń ṣí bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Òògùn rẹ̀ kò ṣòro láti sọ: nígbà tí ẹni kejì bá ti dé, ọwọ́ kejì gbọ́dọ̀ bo bọ́ọ̀lù, ní etí pápá, apá tó wà níta ló gbọ́dọ̀ gbé e. Àwọn olùṣàwárí á wo ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ́ọ̀lù tó já bọ́ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọn á sì ya èyí tó wá láti inú àìbìkítà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó wá láti inú ìjàkadì. Èkejì ṣeé kọ́.

Lẹ́yìn náà ni dídáàbò bo quarterback, èyí tí àwọn òǹwòran kì í wò, tí ó sì ń lé ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun kúrò lórí pápá ní ìgbìyànjú kẹta. Penn State ti ṣáájú láti ìbẹ̀rẹ̀ eré. Ẹgbẹ́ tó bá sì wà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ máa ju bọ́ọ̀lù, nígbà náà running back á di ẹ̀ṣọ́. Òfin rẹ̀ ni pé inú ni èèyàn ń kọ́kọ́ wò kí ó tó wo ìta, nítorí ọ̀nà àárín ni ó kúrú jù lọ sọ́dọ̀ quarterback. Tí linebacker méjì (àwọn alátakò tó ń dúró lẹ́yìn ìlà iwájú tiwọn) bá ń bọ̀, ẹni tó súnmọ́ àárín ni tirẹ̀. Kí ó gbé ẹsẹ̀ síwájú láti pàdé rẹ̀, kí ìbàdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ́ sí àyà ẹni náà, kí ojú rẹ̀ sì ṣí. Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀: títẹ orí ba kí ó lè fi èjìká lu ẹsẹ̀ alátakò, tí alátakò á kàn fò ó kọjá, àti dídúró dè é lórí gìgísẹ̀, tí wọ́n á fi tì í lu quarterback tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ga tó ẹsẹ̀ 5 àti ínǹṣì 8½, tó wúwo tó pọ́n-ùn 211, bíi Jeanty, ní àǹfààní níbí ju bí a ṣe rò lọ, torí ó ti wà nísàlẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Gbígba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù náà, ẹ má fi 2024 nìkan dá a lẹ́jọ́. Ní ọdún yẹn, bọ́ọ̀lù 23 ni ó gbà fún yáàdì 138. Ní 2023, 43 ni ó gbà fún yáàdì 569, pẹ̀lú touchdown márùn-ún. Ọwọ́ rẹ̀ kò yí padà láàrin ọdún méjèèjì. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ló yí padà.

Fiesta Bowl kan náà ní àpẹẹrẹ méjì mìíràn tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú àwọn tó ń fi bowl díwọ̀n draft.

Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ọmọ tiwa. Jay Ajayi, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n bí sí ìlú London ní 1993, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ amútọ̀runwá wa, Àjàyí. Boise State ni òun náà ti gbá, ìlú Frisco ní Texas ni òun àti Jeanty sì ti ṣe sẹ́kọ́ńdìrì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ wọn yàtọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2014, ọdún mẹ́wàá gẹ́lẹ́ ṣáájú alẹ́ Jeanty, nínú pápá kan náà ní Glendale, Boise State na Arizona ní 38 sí 30. Ajayi ní touchdown mẹ́ta. Ní sáà yẹn, ó sá yáàdì 1,823, ó ní touchdown 28 pẹ̀lú ẹsẹ̀, ó sì tún gba bọ́ọ̀lù 50. Ó borí nínú bowl, ó kó ògo lọ sílé, ó sì jókòó títí dé ipò 149, ìpele karùn-ún, kí Miami Dolphins tó mú un.

Orúnkún ni. Iṣan ACL rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn iṣan tó di orúnkún mú, ti já ní 2011, àwọn dókítà àwọn ẹgbẹ́ sì bẹ̀rù pé eegun inú orúnkún náà kò ní pẹ́. Ó dùn mí nígbà náà, ó sì ṣì ń dùn mí, torí ọmọ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2016 ó sá yáàdì 1,272, ó sì kọjá 200 nínú eré mẹ́ta: 204 sí Steelers, 214 sí Bills ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àti 206 sí Bills kan náà ní oṣù Kejìlá. Wọ́n tà á fún Philadelphia Eagles ní 2017, ó sì gba Super Bowl, eré àṣekágbá NFL, pẹ̀lú wọn ní sáà yẹn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ACL já, 2019 ni ó gbá NFL mọ. Nípa bí ó ṣe máa gbóná tó, àwọn ẹgbẹ́ tó kọ̀ ọ́ ṣi ìṣirò. Nípa bí ó ṣe máa pẹ́ tó, àwọn dókítà kò purọ́.

Ẹnì kejì ni Willis McGahee ti yunifásítì Miami. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2003, nínú Fiesta Bowl tí wọ́n fi gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè, Ohio State na Miami ní 31 sí 24 lẹ́yìn àfikún àkókò méjì. Ní kọ́tà kẹrin, wọ́n lu McGahee ní orúnkún, mẹ́ta nínú àwọn iṣan orúnkún rẹ̀, ACL, MCL àti PCL, já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ti sá yáàdì 1,753 ní sáà náà, ó sì ní touchdown 28. Ó pàdánù eré, ó tún pàdánù orúnkún, síbẹ̀ Buffalo Bills mú un ní ipò 23, ní ìpele kìíní. Kò gbá rárá ní 2003. Ní 2004 ó sá yáàdì 1,128, ó sì wà nínú NFL títí di 2013.

Kí ló dé tí orúnkún kan fi sọ Ajayi di ti ipò 149, tí èyí tó burú jù ú lọ kò sì lé McGahee kúrò ní ìpele kìíní? Ìdáhùn kan ni pé ìpalára McGahee jẹ́ tuntun: wọ́n mọ ohun tó já, wọ́n mọ bí iṣẹ́ abẹ ṣe lọ, wọ́n sì lè dúró dè é fún ọdún kan. Ti Ajayi jẹ́ jíjẹra díẹ̀díẹ̀ tí ìsinmi kò lè wò. Èkejì ni àkókò. Ní 2003, àwọn ẹgbẹ́ ṣì ń fi running back ṣe òpó ilé. Ní 2013 àti 2014, kò sí running back kankan tí wọ́n mú ní ìpele kìíní.

Ẹni tó bá Jeanty jọ jù lójú ìwé ni Kevin Smith ti yunifásítì UCF. Ní 2007, òun náà ń lé Sanders, òun náà sì bọ́ sínú bowl tí wọ́n pàdánù: Liberty Bowl, Mississippi State 10, UCF 3. Ó parí sáà sí yáàdì 2,567 nígbà 450. Detroit Lions mú un ní ipò 64, ìpele kẹta. Ẹ wo 450 yẹn. Nínú eré 14, ìgbà 32 ni wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù fún un lójúmọ́ eré. Ti Jeanty jẹ́ nǹkan bí 27. Orúnkún Smith já ní 2009, ní sáà kejì rẹ̀. N kò ní sọ pé 450 ló fà á, torí orúnkún èèyàn kì í ṣe ẹ̀rọ tí a lè ka wákàtí rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹgbẹ́ ló ń ka iye yẹn. Ti Jeanty fún ọdún mẹ́ta ní Boise jẹ́ 750.

Cam Skattebo, running back Arizona State, náà wà nínú draft kan náà pẹ̀lú Jeanty. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2025, Texas na Arizona State ní 39 sí 31 nínú Peach Bowl, lẹ́yìn àfikún àkókò méjì. Skattebo sá yáàdì 143, ó gba bọ́ọ̀lù mẹ́jọ fún yáàdì 99, ó tún ju bọ́ọ̀lù kan fún touchdown. Kò sí ẹni tó dára jù ú lọ lórí pápá yẹn. New York Giants mú un ní ipò 105, ìpele kẹrin. Ó ti pé ọdún 23, ìyára rẹ̀ sì ń kọ àwọn ẹgbẹ́ lóminú. Jeanty ṣe burúkú nínú bowl tirẹ̀, ipò kẹfà. Skattebo ṣe bí akọni nínú tirẹ̀, ipò 105.

Láàrin bowl àti draft, ohun tó wà nílẹ̀ láti ṣe kò pọ̀, ṣùgbọ́n àṣìṣe níbẹ̀ gbówó lórí. Ẹni tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdìrì kò lè wọlé. Ẹni tó ti pé ọdún mẹ́ta, tí ó ṣì ní sáà kù ní yunifásítì, lè ní kí ìgbìmọ̀ ìmọ̀ràn NFL yẹ òun wò. Ìdáhùn mẹ́ta péré ni wọ́n ń fúnni: ìpele kìíní, ìpele kejì, tàbí kí o padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Àárín oṣù Kìíní ni gbèdéke. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú ejẹ́ǹtì tó máa bá NFL dúnàádúrà kò lè padà gbá fún yunifásítì mọ́, nítorí náà ìdáhùn ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ dé kí kálàmù tó kan ìwé. Fún running back pàápàá, mo gbà pé bí wọ́n bá ti pè é sí ìpele kejì sókè, kí ó lọ. Sáà kan sí i ní yunifásítì lè jẹ́ ìgbà 300 tí wọ́n á tún gbé e lulẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń yọ ara wọn kúrò nínú bowl tan mọ́ èyí. Leonard Fournette àti Christian McCaffrey, running back méjì, ṣe é ní òpin 2016, wọ́n mú wọn ní ipò kẹrin àti ìkẹjọ ní 2017. Ṣáájú wọn, ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2016, Jaylon Smith, linebacker Notre Dame, gbá Fiesta Bowl, wọ́n pàdánù sí Ohio State, orúnkún rẹ̀ sì já. Ipò 34 ni Dallas Cowboys ti mú un. N kò bínú sí ẹnikẹ́ni tó bá yọ ara rẹ̀ kúrò nínú bowl tí kò ní ife-ẹ̀yẹ nínú.

Ní òpin oṣù Kejì, Indianapolis ló kàn, níbi tí NFL ti ń yẹ àwọn ọmọ náà wò ṣáájú draft. Wọ́n á wọ̀n wọ́n, dókítà gbogbo ẹgbẹ́ á yẹ ara wọn wò, wọ́n á sì sá yáàdì 40. Ìṣirò kan wà tí ó ń fi ìwúwo àti ìyára pọ̀: ẹ sọ pọ́n-ùn di ìlọ́po 200, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú-àáyá yáàdì 40, tí ẹ ti fi ara rẹ̀ sọ di ìlọ́po nígbà mẹ́rin, pín in. 100 jẹ́ ti àárín. Omarion Hampton ti North Carolina, pọ́n-ùn 221 pẹ̀lú 4.46, jẹ́ nǹkan bí 112, ipò 22 ni Chargers sì ti mú un. Ajayi ní 2015, pọ́n-ùn 221 náà pẹ̀lú 4.57, jẹ́ 101. Jeanty kò sá yáàdì 40 ní Indianapolis. Ẹni tó ní fídíò bíi tirẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi sísá yẹn jèrè: 4.45 kò ní gbé e kúrò ní ipò kẹfà lọ sókè, 4.58 sì lè gbé e wálẹ̀.

Ohun tó kù ni ọjà, èyí ni mo sì rò pé ó gbe Jeanty jù. Ní 2024, kò sí running back kankan ní ìpele kìíní; ipò 46 ni ẹni àkọ́kọ́ ti jáde. Ní sáà tó tẹ̀lé e, Saquon Barkley, tí Giants jẹ́ kí ó lọ, sá yáàdì 2,005 fún Eagles, wọ́n sì gba Super Bowl ní oṣù Kejì ọdún 2025. Derrick Henry sá 1,921 fún Ravens. Gbogbo ẹgbẹ́ rí i pé àwọn tó ń dènà ti tẹ́ ara wọn sẹ́yìn láti dá bọ́ọ̀lù jíjù dúró, wọ́n sì ti fúyẹ́ níwájú. Raiders ń wá ẹni tó lè sá bọ́ọ̀lù, Pete Carroll tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di kóòṣì wọn nígbà náà sì jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn sísá bọ́ọ̀lù láti ọjọ́ pípẹ́. Ká ní Jeanty jáde ní 2014 pẹ̀lú ìwé kan náà yìí, n kò gbà pé wọ́n á mú un ní mẹ́wàá àkọ́kọ́.

Owó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 35.9 dọ́là fún ọdún mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ ní ìdánilójú. Òfin kò gbà kí wọ́n tún àdéhùn náà ṣe kí sáà kẹta tó parí. Ní ìgbà ìrúwé 2028, Raiders gbọ́dọ̀ sọ bóyá wọ́n fẹ́ ọdún karùn-ún, ìyẹn 2029. Tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ ni, owó ọdún yẹn náà di ìdánilójú. Jeanty á pé ọdún 26 ní oṣù Kejìlá 2029.